Ìkìlọ̀ Tí Rosaline Kò Kọ

Ẹ fetí méjèèjì gbọ́ mi o. Rosaline kì í ṣe ọ̀daràn! Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, Peckham nílùú òyìnbó níbí ni wọ́n bí i sí, ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Iléeṣẹ́ kan náà la jọ ń bá ṣiṣẹ́. Tí mo bá ti ní "ẹ fetí méjèèjì gbọ́ mi" báyìí, á sín mi jẹ, á ní, "Aunty Hàlímọ̀tù, ṣé etí kan ni mo fi ń gbọ́ yín tẹ́lẹ̀ ni?"

Àwọn arúgbó wa ní àpótí kékeré lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé máa ń wà. Nọ́mbà ló ń ṣí i, orí app iléeṣẹ́ la sì ti ń rí nọ́mbà náà. Rosaline ló ṣàkíyèsí pé téèyàn bá yí òǹkà kan ṣoṣo padà lórí ojú ìwé tirẹ̀ nínú app náà, nọ́mbà àpótí gbogbo àwọn arúgbó yòókù á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì, ó fọwọ́ sí i. Ó wá sọ fún mi: "Aunty, please, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe ná."

Èmi tí ẹnu mi kì í gbé nǹkan! Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí ọ́fíìsì ò fèsì, inú bí mi, mo kọ ọ́ sórí WhatsApp àwa Yorùbá ibiṣẹ́, pé kí kálukú ṣọ́ra. Ká ní mo tiẹ̀ dúró síbẹ̀. Mo tún ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé Sydenham, olè sì ti wọlé baba kan ní Bermondsey, ó jí òrùka ìyàwó rẹ̀ tó ti kú lọ.

Àdàkọ ohun tí mo kọ sórí WhatsApp dé ọwọ́ ọ̀gá wa, kò sí orúkọ lórí rẹ̀. Òyìnbó ni, ló bá ní kí n wá bá òun túmọ̀ rẹ̀. Ìwé tèmi! Mo túmọ̀ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó ní ṣé Rosaline ló kọ ọ́? Rosaline tí kò lè kọ "ẹ káàárọ̀" délẹ̀! Mo ronú kan ìwé ìgbélùú mi, tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ náà ló ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, mo ní mi ò mọ̀. Ojú tì mí, ojú ṣì ń tì mí. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá: wọ́n ní ó wọ ibi tí kò láṣẹ láti wọ̀ lórí app, ó sì fọ̀nà han olè.

Lánàá ó wá sílé mi, ó tẹ orúnkún kí mi bó ṣe máa ń ṣe, ó na fóònù tí àdàkọ náà wà lórí rẹ̀ sí mi. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Mi ò tiẹ̀ mọ nǹkan tí wọ́n ní mo kọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: "Ẹ fetí méjèèjì gbọ́ mi o."

Ó wò mí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Kò sín mi jẹ.

Ó ní, "Thursday ni police fẹ́ rí mi. Ẹ bá mi lọ, Aunty, kẹ́ ẹ kà á fún wọn."

Mo ní mo ní shift lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni.