Ògiri Onígi Tí A Gbé Lọ sí Ilẹ̀ Ọyẹ́

Àkùkọ ò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí Sálísù fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi ní Mayfair, nílùú Ifẹ̀. Ẹni tó bá mọ Sábó yóò mọ irú ọkọ̀ náà, lọ́rì tó máa ń kó màlúù wá láti òkè Ọya, tó sì máa ń padà lófìfo. Lọ́jọ́ yẹn kò padà lófìfo. Ògiri ló gbé, ògiri onígi mẹ́rìnlélógún tí èmi àti àwọn káfíńtà mi fi oṣù kan ṣe ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ògiri náà wà fún. Rótìmí, ọkọ ọmọ mi Fúnmiláyọ̀, ọlọ́pàá ni, ó sì ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá mìíràn níṣẹ́ ní ibùdó kan lẹ́yìn Zaria. Ó ń kọ́ wọn bí ènìyàn mẹ́fà ṣe ń wọ ilé tí adigunjalè ti há onílé mọ́, láìyìnbọn lu onílé. Ó fẹ́ ilé tí a lè tò lónìí bíi yàrá àti pálọ̀, kí a sì tún un tò lọ́la bí ilé tí àwọn yàrá kọjú síra wọn. Ó ní bí ilé bá wà lójú kan, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ òun á ti mọ ilé, ojú wọn ò sì ní mọ ewu.

Èmi tí mo ti ń gbàdúrà láti ìgbà èwe mi pé kí ohun tí mo bá kàn má tú, èmi ni Rótìmí wá ní kí n ṣe ohun tó ń tú. A yà á sórí ìwé títí ó fi yé wa. Gbogbo ògiri ga bákan náà, wọ́n sì fẹ̀ bákan náà, kí èyíkéyìí lè bá èyíkéyìí mu. Igi ṣóńṣó mẹ́ta létí ọ̀kan á wọ ihò mẹ́ta létí èkejì. A ò fi ìṣó kankan so wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ṣá o. Ògiri tí ẹlòmíràn ṣe fún wọn tẹ́lẹ̀ ti wó lu ọlọ́pàá kan, ó sì ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Rótìmí wá dárúkọ mi, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lábẹ́lẹ̀ pé ṣé bàbá ìyàwó rẹ̀ nìkan ni káfíńtà ní Nàìjíríà. Bí tèmi náà bá wó, àna mi ni yóò gba ìtìjú rẹ̀, bóyá iṣẹ́ rẹ̀ á sì bá a lọ. Ohun tí mo gbé sọ́kàn wọ lọ́rì nìyẹn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti kọjá Ẹdúnàbọ̀n. A gba Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, ọ̀nà sì dára níwọ̀nba dé Ìlọrin. Lẹ́yìn Ìlọrin ni kòtò bẹ̀rẹ̀. Sábó ni wọ́n bí Sálísù sí, Ifẹ̀ tó ń sọ jinlẹ̀ ju ti àwọn ọmọ ọmọ mi lọ. Nígbà tí mo ráhùn lẹ́ẹ̀kẹta pé ẹ̀yìn ń dùn mí, ó wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn màlúù mi kì í ráhùn tó báyìí."

Ní Jẹ́bà, a ra ẹja díndín méjì ní ogún náírà, a sì jẹ ẹ́ bí a ti ń wo odò Ọya. Ní Mókwá, a jẹ túwó, ìyẹn ọkà tí wọ́n fi àgbàdo rò, pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà tí wọ́n fi ewé igi oṣè sè. Ó ń fà bí ilá. Nílé wa, ọ̀tọ̀ là ń bu oúnjẹ àlejò. Níbẹ̀, inú àwo kan náà ni èmi, Sálísù àti àwọn awakọ̀ mẹ́ta tí mi ò rí rí ti ń jẹ. Sálísù ní ẹni tí wọ́n bá bu tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọn ò kà sí.

A sùn ní Tegina. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn Kàdúná, eruku funfun bo oòrùn. Ọyẹ́ ni, húntúrù ni wọ́n ń pè é. Ètè mi ti là kí a tó dé ibùdó.

Sálísù já ẹrù, ó sì kọjá lọ wá màlúù. Kí oòrùn tó wọ̀, èmi àti àwọn ọlọ́pàá tí Rótìmí ń kọ́ ti to ilé náà. Mo fi ẹ̀yìn tì í, kò mì. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn àgbà iṣẹ́ yóò wá wò ó. Inú mi dùn. Mo jẹun yó nílé ọmọ mi.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo lọ fọwọ́ kan ògiri náà. Ó mì bí eyín arúgbó. Igi ṣóńṣó ti súnkì nínú ihò wọn, àlàfo sì wà tí ìka lè wọ̀. Igi tí wọ́n là ní Ifẹ̀, tí omi ṣì wà lára rẹ̀, ọyẹ́ ti fa omi ọ̀hún mu tán. Rótìmí wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọjọ́ tó kù kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Kíkà yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo sọ ọ́ fún Fúnmiláyọ̀ nílé. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn wọn, ó sì fi àlàfo tó wà láàárín òun àti férémù rẹ̀ hàn mí.

"Bàbá, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún nìyí. Mo rò pé ẹ mọ̀."

"Ta ni ìbá sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí."

Kò fi ṣe èébú. Ó wé gèlè, ó mú mi lọ bá màlámù kan tó ń ṣiṣẹ́ awọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní májèmi. Ẹnu yà mí bí ọmọ mi ṣe ń sọ Hausa bí ẹni mu ún lọ́mú. Màlámù náà fa awọ màlúù tútù yọ nínú omi, ó ní bí a bá fi í di nǹkan, bó bá gbẹ nínú ọyẹ́, á mú un bí irin. Mo ní nílé wa, jíjẹ là ń jẹ ìyẹn. Ó wò mí títí, ó wá bi Fúnmiláyọ̀ bóyá ìyàn mú ní Ifẹ̀.

A gé awọ náà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, a rán an bí òrùka. Mo fá orí àti ẹsẹ̀ òpó tó wà létí ògiri kọ̀ọ̀kan kí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu. Bí a bá fi òrùka kan kó orí òpó méjì pọ̀, tí a sì fi òòlù igi gbá a wọlé, á le. Bí a bá gbá a padà, á tú. Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Ọyẹ́ tó ba iṣẹ́ mi jẹ́ náà ló mú awọ gbẹ fún mi.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn àgbà jókòó. Ọlọ́pàá mẹ́fà sáré wọlé, ẹni tó sanra jù nínú wọn sì fi gbogbo èjìká kọ lu ògiri. Ògiri ò mì. Ọ̀gá ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un tò. Kí àwọn àlejò tó mu tíì wọn tán, yàrá àti pálọ̀ ti di ọ̀ọ̀dẹ̀ gígùn. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè ẹni tó ṣe é.

Rótìmí nà ró ṣánṣán. "Bàbá ìyàwó mi ni, sà."

Ó sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni ọkọ̀ Sálísù gbé mi dé Ifẹ̀, èmi àti màlúù mọ́kànlélógún. Mo wẹ̀, mo sùn. Nígbà tí mo jí, ohun tí mo ń rò kì í ṣe ògiri. Ọdún mẹ́rin ni ọmọ mi ti ń gbé nínú ọyẹ́ yẹn. Ó ń kọ lẹ́tà sí mi lóṣooṣù, èmi sì ń fèsì pé a wà dáadáa, ìyá rẹ ń kí ọ, òjò ti rọ̀. Mi ò bi í rí bí ibẹ̀ ṣe rí, àfi ìgbà tí igi mi gbẹ níbẹ̀.

Kí Sálísù tó tún gbéra, mo jókòó kọ lẹ́tà tí yóò bá mi mú lọ. Mi ò sọ ìròyìn ilé kankan nínú rẹ̀. Ìbéèrè ni mo kọ, ojú ìwé méjì gbáko.