Ọwọ́ Ìyá Àgbà Nínú Fídíò

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún."

Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá àgbà mi wà, níwájú tábìlì pálọ̀ wọn ní Ọ̀jọ́. Ọkùnrin tí wọ́n ń bẹ̀ kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Amọ̀ ni, tí àwọn fúnra wọn fi òróró àgbọn pò kó má baà sán. Wọ́n sún ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, wọ́n mú ọwọ́ kúrò. Ayálégbé wa, tó máa ń fi kámẹ́rà fídíò tó rà lọ́jà Alábà ya ìgbéyàwó, tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹ́, ó sì tún pa á. Òórùn àgbọn gba gbogbo pálọ̀. Àwa ọmọ tò sórí àga, a ò gbọdọ̀ mira kí tábìlì má baà mì.

Tẹlifíṣọ̀n ló dá a sílẹ̀. Ìyá àgbà rí ọmọláńgidi amọ̀ kan tó ń sáré nínú ètò àwọn ọmọdé. Ayálégbé ní kò sí idán níbẹ̀, ẹnì kan ló ń sún un díẹ̀díẹ̀, tó ń yà á díẹ̀díẹ̀, tó sì ń fi ọwọ́ pamọ́. Ìyá àgbà yíjú sí wa.

"Á jẹ́ pé bàbá yín àgbà lè rìn," ni wọ́n wí fún wa.

Bàbá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù, orí àga ni wọ́n sì jókòó sí nínú rẹ̀. Apẹja ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti ọ̀sà bọ̀, èjìká ọ̀tún wọn ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, pẹ̀lú àjẹ̀ ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba ìyá àgbà pé lẹ́yìn ikú tiwọn náà, kò ní sẹ́ni tó máa mọ ìrìn yẹn mọ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣe é ṣáápù-ṣáápù jàre," ayálégbé ń ráhùn. "Bátìrì ń lọ. Amọ̀ lẹ̀ ń bẹ̀ yẹn o!"

"Ọkọ mi ni. Ṣé kí n máa tì wọ́n kiri bí ọmọlanke ni?"

Ìyá àgbà tí kì í ní sùúrù kí ìrẹsì jinná tán ló kúnlẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Mo fẹ́ràn wọn gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tá a wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, bàbá kékeré náà rìn láti etí tábìlì kan dé èkejì, èjìká ọ̀tún rẹ̀ níwájú, ó ń gbọ̀n bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Láàárín ọ̀nà, ọwọ́ ńlá kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pòórá. Ẹ̀bẹ̀ ìyá àgbà ló gùn jù. Wọn ò tíì gbé ọwọ́ kúrò tí ayálégbé fi tẹ kámẹ́rà.

"Ó ti bàjẹ́! Ọwọ́ Màmá wọ̀ ọ́. Àfi ká tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀."

Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, báàgì lọ́wọ́, wọ́n tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó tíì sọ nǹkan kan fún wọn.

"Bàbá mi nìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún.

Ìyá àgbà kọjú sí ayálégbé. "Má tún nǹkan kan ṣe. Jẹ́ kí ọwọ́ náà wà. Ẹ̀yìn wọn náà ni mo wà nígbà ayé wọn."

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí ọmọkùnrin mi bá ń lọ síléèwé, mo máa ń dúró sí géètì wò ó. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ló ń ṣíwájú, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ n lọ, mo ti pẹ́."

Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò tètè mú ọwọ́ kúrò.