Sùtánà Aládùúrà Lára Sàtánì

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ohun tí n kò mọ̀. Yàrá tí mo háyà kò jìnnà sí Sábó, òórùn súyà sì máa ń wọlé bá mi láìkan ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ eré apanilẹ́rìn-ín kan fún ìjọ Àgùdà wa nílé, ní Ọ̀yọ́. Fáda ló ní kí àwa ọ̀dọ́ ṣe eré fún ìkórè. Ìtàn ọmọ onínàákúnàá ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Èmi kọ ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì mẹ́ta tí Ọlọ́run lé kúrò lọ́run, tí wọ́n já sí ẹ̀yìn ọjà Akẹ̀sán.

Nínú eré náà, wọ́n gbọ́ pé àwọn Àgùdà ní ibi tí èèyàn ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí yóò sì jáde ní mímọ́. Wọ́n sáré lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti kúnlẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ń kà sílẹ̀. Kì í ṣe pé mo ronú rẹ̀ jinlẹ̀: mo ti tò sẹ́yìn àwọn àgbà ìjọ wa lọ́jọ́ ìjẹ́wọ́ rí, ohùn wọn kì í sì í rẹlẹ̀. Èmi fúnra mi ni Sàtánì, olórí àwọn áńgẹ́lì mẹ́ta náà. Níparí, wọ́n á ní kí n ronú pìwà dà, màá sì kọ̀. Màá ní kí ni mo fẹ́ padà lọ ṣe lọ́run, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọ ti gba gbogbo àga iwájú. Ó dá mi lójú pé gbólóhùn yẹn nìkan tó láti mi ìjọ Àgùdà títí dé Róòmù.

Aṣọ ló kù. Kátíkíìsì wa, ọkùnrin tó ń fi Látìn lé ewúrẹ́, ní aṣọ àwọn ọmọ pẹpẹ kò gbọdọ̀ kan ara Sàtánì. Ìyá mi ló wá lọ bá ìyá Aládùúrà tí a jọ ń gbé ojúlé kan náà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó ń ta òwú àti bọ́tìnì. Wọ́n ti ń fi ẹ̀sìn bú ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ìyàwó ilé. Ìyá Aládùúrà á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá ère sọ̀rọ̀, ṣé ó ti dá yín lóhùn?" Ìyá mi á ní, "Ó dáhùn. Ó ní kẹ́ ẹ ra bàtà."

Lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi rọra bẹ̀bẹ̀ ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá ọmọ yín ní sùtánà kan. Áńgẹ́lì ló fẹ́ ṣe." Kò purọ́. Ó kàn dá ọ̀rọ̀ náà dúró níbi tó ti dùn.

Èyí tí ìyá náà gbé jáde ni èyí tí wọ́n fi yàn án sípò nínú ìjọ wọn. Òun ló sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n fi sin òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìkórè, lẹ́yìn Míìsà, mo fi èédú kun ojú àti ọrùn, mo fi páálí ṣe ìwo. Sùtánà náà kò kọjá ojúgun mi, kánńfáàsì mi sì hàn kedere nísàlẹ̀. Mo bọ́ sójú agbo. "Èmi ni Sàtánì!" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rí ìyá Aládùúrà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Ó dìde. Ìyá mi di ìró rẹ̀ mú. Díẹ̀ ló kù kí ìró náà kù sí i lọ́wọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí! Bọ́ bàtà!"

"Mà?"

"Ìwọ wọ bàtà sí sùtánà?"

Kátíkíìsì sáré dé. "Mà, eré ni. Sàtánì ni."

"Mo mọ̀ pé Sàtánì ni. Ṣé torí wọ́n lé e ló ṣe gbàgbé ilé? Ta ló ń wọ bàtà lọ́hùn-ún?"

Mo bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ mi ti lu, àtàǹpàkò sì yọjú wo ìjọ Ọlọ́run. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀: "Ẹ má bínú mà. Ẹ foríjì mí." Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn pé, "Sàtánì ti ronú pìwà dà o!" Àtẹ́wọ́ sọ. Fáda dìde, ó ní ẹ̀kọ́ ńlá lèyí, ó sì pe àwọn tó gbé ọrẹ ìkórè wá síwájú. Bí gbólóhùn tí ìbá mi Róòmù ṣe bá mi lọ sílé nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fọ sùtánà náà. Èédú ọrùn rẹ̀ kò lọ tán. Èmi àti ìyá mi gbé e lọ.

"Ẹ jẹ́ ká rán òmíì fún yín," ìyá mi ní. N kò tíì gbọ́ kó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá náà gbé ọrùn aṣọ sójú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí, ó ká a, ó sì tì í mọ́nú àpótí. Fún oṣù bíi mélòó kan, ẹnikẹ́ni kò bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni nílé wa, ilé sì rí bí ilé àlejò.

Wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn, ṣùgbọ́n ìyá mi kò jẹ́ bèèrè sùtánà. Ọdún rẹpẹtẹ kọjá. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, pé ìyá Aládùúrà ti sùn. Mo di ìyá mi lọ́wọ́ mú wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ọrùn aṣọ ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú rẹ̀. Èédú náà wà níbẹ̀, ó ti rí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin sún mọ́ wa. "A rán tuntun fún wọn, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní aṣọ tí Sàtánì fi bẹ̀bẹ̀, tí ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún un, òun náà á fi bẹ̀bẹ̀ wò lọ́run."