Ọ̀rọ̀ Tí Dorothy Kò Sọ Nílé

Kí Dorothy tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Fìdítì ló ti ń bá ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi wa lọ sáwọn abúlé. Láràárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ ìjọ á gbé wa lọ sí Ìmínì tàbí àwọn abà tó wà lẹ́yìn Ìlọra. Kì í pariwo bó bá ń wàásù. Á jókòó ti ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́, á mú ọ̀bẹ, á máa bá a bó o, á sì máa sọ̀rọ̀ Jésù bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹbí rẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwa tá a jọ ń lọ pé kò sẹ́ni tó lè gba ohun tí wọn ò sọ fún un gbọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí kò sọ ọ́ fún, ìyẹn Akínwándé, ọkọ rẹ̀.

Akínwándé ń la pákó ní sọ́míìlì kan ní Ìlọra. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ lábà, kò sì rí ilé ìwé lọ. Orúkọ Jésù kò ṣàjèjì sí i. Ta ni kò gbọ́ ọ rí ní Fìdítì? Ṣùgbọ́n bó bá dọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, ìta ṣọ́ọ̀ṣì lòun àtàwọn ọkùnrin kan máa ń dúró sí, tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ òjò àti iṣu. Kóòtù lòun àti Dorothy ti ṣègbéyàwó. Dorothy rò pé díẹ̀díẹ̀ lòun á máa bá a sọ ọ́.

Ibà ló pa Olúkúnlé, àkọ́bí wọn, lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Níbi tí wọ́n ti ń da erùpẹ̀ bò ó, oníwàásù kan ní òdòdó tó bá dára jù ni Ọlọ́run máa ń já. Nígbà tí wọ́n délé, Akínwándé ní, "Tíṣà, máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì ẹ, mi ò ní dí ẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n má wàásù fún mi nínú ilé yìí láéláé."

Dorothy ní, "Mo ti gbọ́."

Ọdún méjìlélógún ló fi pa àdéhùn yẹn mọ́. Ilé wọn tòrò. Ó ń se oúnjẹ ọkọ rẹ̀, ó ń gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára aṣọ rẹ̀, wọ́n sì jọ tọ́ Tèmídayọ̀, ọmọbìnrin wọn, títí tó fi lọ sílé ọkọ ní Awẹ́.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ariwo ẹ̀rọ pákó ń jẹ etí Akínwándé. Ti ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, ti òsì tẹ̀ lé e. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ etí ní Ọ̀yọ́, ó ní bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ló ń ṣe nínú orí òun, ó sì yọ ọ́. Nígbà tó fi máa fiṣẹ́ sílẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹnu ìyàwó rẹ̀ ló ń wò: omi, oúnjẹ, oògùn, ó ti tó àkókò oorun. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó kù láàárín wọn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà sọ fún Tèmídayọ̀ pé kí wọ́n máa tọ́jú bàbá nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Blessing wá láti Ìmínì. Lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú, tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, Dorothy ló jókòó tì í. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ Dorothy mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Akínwándé ń wò wọ́n láti orí ẹní. Bí Blessing ṣe jáde, ó ní:

"Kí lo sọ fún un?"

Dorothy wò ó.

"Obìnrin yẹn. Kí lo sọ fún un tó fi ń dúpẹ́ báyẹn? Sọ ọ́ fún èmi náà."

Dorothy kúnlẹ̀ ti ẹní náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń la ẹnu dáadáa. Akínwándé tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ títí òógùn fi bò ó, ó wá mi orí. Dorothy nàka sókè.

"Ṣé àjà ń jò ni?"

Ó mú èédú, ó ya àgbélébùú sílẹ̀.

"Èyí wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i. Kí ló túmọ̀ sí?"

Dorothy ya èèyàn mọ́ ọn, ó sì fọwọ́ kan àyà ọkọ rẹ̀. Ojú Akínwándé yí padà.

"Èmi? Èmi ni wọ́n fẹ́ kàn mọ́gi?"

Lọ́jọ́ kejì, Dorothy gbé síléètì wá. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà, kò sì wá sí i lọ́kàn rí láti kọ́ ọkọ rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti a, b, d. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dé gb. Ní ọjọ́ kẹwàá, ọwọ́ Akínwándé ò lè di ṣọ́ọ̀kì mú mọ́. Ó rọra ti síléètì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíṣà, ó ti pẹ́ jù. Ì bá dáa ká ní o sọ ọ́ nígbà tí mo ní kó o má sọ ọ́."

Ọjọ́rùú ọ̀sẹ̀ yẹn ló kú.

Pásítọ̀ Nehemiah ìjọ wa kó àwa ẹgbẹ́ ajíhìnrere lọ kí Dorothy. Ó ní, "Màmá, ẹ má da ara yín láàmú. Ọlọ́run mọ ọkàn wọn."

"Pásítọ̀, ṣé ohun tí ẹ ti ń kọ́ wa látọjọ́ yìí nìyẹn? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la wá ń lọ ṣe ní Ìmínì?"

Pásítọ̀ ní ká gbàdúrà. A gbàdúrà. Mi ò gbọ́ àmín Dorothy.

Tèmídayọ̀ fẹ́ mú un lọ sí Awẹ́, kò gbà. Ó ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé wa lọ sábúlé mọ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó ṣì ń gbàdúrà.

"Mò ń gbà á," ló wí. "Fún Tèmídayọ̀, fún ẹ̀yin náà. Tó bá kan bàbá ẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè tọrọ mọ́."