Bàbá Ọbayẹmí Tí Kì Í Ta Ìwé Kan Ṣoṣo

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Bàbá Ọbayẹmí ni ti ọjọ́ tó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá lé ọkọ̀ màdáámú kan láti ọjà Wuse l'Ábújá títí dé ẹnu géètì ọ́fíìsì rẹ̀. Màdáámú náà fẹ́ ra ìwé kan lórí tábìlì Bàbá. Bàbá ní méjì-méjì lòun ń tà, ó sì nàka sí èyí tí òun ti fi okùn so mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ̀yọ kan ni mo fẹ́."

"Mo gbọ́ yín, mà. Méjèèjì yìí ni ẹ̀yọ kan yẹn."

Inú bí màdáámú, ó jágbe mọ́ Bàbá. Ó sanwó ìwé méjèèjì, ó tú okùn, ó mú èyí tó wù ú, ó fi èkejì sílẹ̀, ó sì bọ́ sínú ọkọ̀. Bàbá Ọbayẹmí, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, fò sínú kẹ̀kẹ́. Nígbà tó bá a, ó na ìwé náà gba ojú fèrèsé ọkọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mà, ẹ gbàgbé ìdajì ìwé yín."

Ní ọjọ́ kẹta, màdáámú padà wá. Ìwé tó fẹ́ dá lé bí èèyàn ṣe ń ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́. Èyí tí Bàbá fi lé e lọ́wọ́ ní tipátipá jẹ́ ìtàn opó kan tó ń dá tọ́jú ọgbà ọsàn. Ọgọ́rùn-ún igi ló wà lábẹ́ opó yẹn, kò sì jágbe mọ́ ọ̀kankan.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé mo máa ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà. Ẹ jágbe mọ́ èmi náà ni."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Ọbayẹmí fi ṣiṣẹ́ ìjọba, nínú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Tí fáìlì méjì bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, òun ló ń fi okùn so wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó gbé wọn lọ síwájú ọ̀gá. Ó fẹ̀yìn tì, ó gbé tábìlì ìwé àlòkù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Wuse, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà gbé ìwé fún èèyàn.

Ẹ sì wo ohun tí ọkùnrin yẹn ń rí nínú ìwé! Ó so ìwé ìdáná mọ́ ìwé ogun, ó ní ebi ni méjèèjì ń sọ. Ó so ìwé bí wọ́n ṣe ń sin oyin mọ́ ìtàn ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án tí wọ́n ń gbé yàrá kan. Wọ́n bi í pé kí ló pa wọ́n pọ̀. Ó ní, "Bí a ṣe lè pọ̀ lójú kan láìta ara wa." Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tó ń rà wọ́n á kà wọ́n tán, wọ́n á padà wá dúró níwájú tábìlì, ẹnu wọn á là sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ni ẹnu rẹ̀ kì í là sílẹ̀: Àlàájì Tàófíìkì, tó ń tún jígí ojú ṣe nítòsí rẹ̀, tó sì ń fi jígí àwọn oníbàárà kàwé, pé òun ń dán an wò. Fún ọdún mọ́kànlá, ní gbogbo Sátidé, Àlàájì ń ṣa ìwé méjì tirẹ̀ wá, kí Bàbá Ọbayẹmí lè so wọ́n. Bàbá kò so ọ̀kankan rí. Àlàájì ti lọ sí Mẹ́kà, ó ti kọ́lé sí Lugbe. Èyí nìkan ló kù.

"Bàbá Rónkẹ́," Àlàájì á fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè é, "ẹ wo èyí. Ajá wà nínú àwọn méjèèjì."

"Ajá?"

"Ajá ńlá."

"Àlàájì, tó bá jẹ́ torí ajá là ń so nǹkan pọ̀, ẹ jẹ́ n lọ so àdúgbò Lugbe mọ́ Lokogoma; ajá ò wọ́n níbẹ̀."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Àlàájì tún dé. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀gá inú ìwé méjèèjì ló kú ní ìparí."

"Gbogbo wa la máa kú ní ìparí, Àlàájì. Ibo ni n ó ti rí okùn tó máa tó?"

Àlàájì bínú. Nígbà tí jígí ojú Bàbá fọ́ lápá kan, ó ní òun ò ní tún un ṣe àfi tó bá so ìwé òun. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni Bàbá fi ojú kan kàwé, tó di èkejì. Àlàájì ló kọ́kọ́ rẹ̀. "Kai! Ọkùnrin yìí á fọ́jú kó tó gbà fún mi!" Ó sì tún jígí náà ṣe.

Ìgbà kan wà tí Àlàájì rò pé ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan kó ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù àtijọ́ wá, ìwé ràgàjì, orúkọ àti nọ́ńbà látòkè délẹ̀. "Ẹ wá èkejì èyí ká rí i," ni Àlàájì wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́rin kọjá. Lọ́jọ́ kan, Bàbá so ó mọ́ ìtàn ìyá arúgbó kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í wá kí mọ́. Ẹni tó rà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ó ka ìtàn náà fún wákàtí kan, ó sì fa fóònù yọ, ó pe ìyá rẹ̀ ní Kàbbà. Àlàájì padà sídìí àwọn jígí rẹ̀, ó ń nù wọ́n títí ọjà fi tú.

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá Ọbayẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ikọ́ ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ pẹ́. Àlàájì ṣì ń ṣa ìwé wá. Ní Sátidé kan, ó gbé ìwé kànga gbígbẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ìtàn ọkùnrin kan tó dúró de àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fún ọdún méje.

"Kí ló pa wọ́n pọ̀?"

"Sùúrù," ni Àlàájì wí.

Bàbá ṣí ti kànga, ó kà á díẹ̀. Ó ṣí èkejì, ó kà á pẹ́. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sì fa okùn.

"Mo gbà."

Igbe tí Àlàájì ké, gbogbo oníkẹ̀kẹ́ tó wà létí ọjà ló bojú wẹ̀yìn. Ó ra ohun mímu sóbò fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní, "Wọ́n gbà fún mi!" Ẹni tí kò mọ̀ rò pé físà ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Bàbá lọ sí ọsibítù. Kò padà wálé.

Níbi ìsìn ìdágbére ní ṣọ́ọ̀ṣì, Àlàájì jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Adérónkẹ́, àkọ́bí Bàbá, ló ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un.

"Ọdún mọ́kànlá," ni Àlàájì wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọkùnrin yìí gbà fún mi. Nígbà tó lọ tán, mo tún ìwé méjèèjì kà, torí ó ti pẹ́ tí mo kà wọ́n. Wọn ò bára tan rárá! Ẹni tó kọ ti kànga yẹn, kánjúkánjú ni, ó ní ọjọ́ méjì ti tó. Ọkùnrin tí mo ní ó dúró fún ọdún méje, ó ti fẹ́ ìyàwó méjì mìíràn kí n tó dé ojú ewé ogójì!"

Ẹ̀rín gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ di àga mú. Àlàájì náà ń rẹ́rìn-ín, títí ohùn rẹ̀ fi yí padà.

"Ó sì kà á níṣojú mi. Ó mọ̀. Ó mọ̀, ó sì so wọ́n fún mi."

Adérónkẹ́ dìde níwájú. Ó rìn wá sẹ́yìn, ó mú un lọ́wọ́, ó sì mú un lọ jókòó sáàárín ẹbí.