Ọjọ́ Tí Mo Ní Ká Dìde Níwájú Katapílà

Ọdún kẹta tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn sínú Odò Ìko. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Mowe kò lè mọ odò náà. Ẹ̀yìn ilé wa gan-an ló wà. Kò fẹ̀, lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá lè fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n irà tó yí i ká gbòòrò, ó kún fún igi ìko, alákàn àti lékèélékèé. Bí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, irà náà ni yóò gbé gbogbo rẹ̀ mì. Omi kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni.

Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ rí ní ẹ̀ka wa. Mo ti bá wọn yanṣẹ́ lódì, tajútajú ti ta mí lójú. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ yanrìn àkọ́kọ́ wọlé, èmi ni àwọn ará àdúgbò wá bá. Alhaja Símbíátù ló ṣáájú wọn. Etí odò yẹn ló ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti gbúre láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ rẹ̀, Alfa Yésúfù, wólẹ̀. Kò lè dá dìde lórí ibùsùn.

“Tíṣà,” ó ní, “ẹ gbà wá. Bí wọ́n bá dí odò yìí, ọ̀dọ̀ wa ni omi máa gbà.”

Mo kọ lẹ́tà, a gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan. Ọ̀gá tó gbà á lọ́wọ́ wa kà á tán, ó wojú mi.

“Mama, ṣé ẹ ní ìwé odò yẹn ni?”

“Ọ̀gá, ta ní ń fún odò níwèé?”

“Àwọn tó ra ilẹ̀ yẹn ní ìwé tiwọn.”

Ó ní ẹ kú ìrìn. Ibẹ̀ ló parí sí.

Kò sí ọ̀nà mìíràn ju ká fi ara wa dí ojú ọ̀nà lọ. A lọ jókòó síbi tí katapílà máa gbà wọ irà. Lọ́jọ́ kìíní, a tó ogójì. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ku ẹni mẹ́sàn-án. Oníṣọ́ọ̀bù lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, òṣìṣẹ́ wọkọ̀ lọ Èkó. N kò bá wọn wí. Ọjọ́ kẹrin yẹn gan-an ni katapílà dé. Ó ń bọ̀ tààrà, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ìdí wa. Alhaja ń ka kálímà. Ẹsẹ̀ tèmi ti kú. Bí mo tilẹ̀ fẹ́ sá, n kò lè sá. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn wá, ó dúró. Awakọ̀ rẹ̀ yọ orí.

“Háà! Tíṣà Báyọ́lọ́jì! Ẹ̀yin nìyẹn, mà?”

Sàkà ni, ẹni tí mo kọ́ ní iléèwé girama ní Ifọ̀. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta.

“Sàkà, pa ẹ́ńjìnnì yẹn,” ni mo wí.

“Mà, bí mi ò bá ṣe é, ẹlòmíì á ṣe é.”

“Mo mọ̀. Kó ṣáà má jẹ́ ìwọ.”

 Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú yanrìn, ó sì gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Èyí ló fún wa láyè láti dé kóòtù. Adájọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀ náà títí òun yóò fi gbọ́ ẹjọ́. A padà sójú ọ̀nà, mo gbé ìwé àṣẹ adájọ́ sókè, a kọrin, a jó. Ìgbà náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí n kò ní gbàgbé láyé: “Ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ sinmi. Òfin ti bá wa dúró síbí.”

Alhaja nìkan ló jókòó. “Tíṣà, ìwé ò lè dí ọ̀nà o.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo fà á dìde.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí, katapílà méjì wọlé pẹ̀lú àwọn géndé tó mú igi lọ́wọ́. Èmi àti Alhaja nìkan la sáré débẹ̀. Àìkówọ̀ọ́rìn ejò ló ń ṣekú pa ejò. Èmi ni mo tú ọ̀wọ́ wa ká. Alhaja dì mọ́ igi ìko kan, wọ́n já ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ bí ẹni já ewé. Mo na ìwé adájọ́ sí wọn. Ọ̀kan gbà á, ó fi nu ọwọ́. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Kí àwọn ọkùnrin wa tó kírun tán, ẹja àrọ̀ ti ń jà nínú ẹrẹ̀, yanrìn sì ń bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Alhaja wà lọ́jà. Kó tó wákàtí méjì, omi ti dé àyà mi lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Èmi àti àwọn aládùúgbò yọ ilẹ̀kùn kan, a tẹ́ Alfa lé e, a gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ó ti mu omi. Ó kú lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó pe ìrun Aláásàárì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe fìdáù rẹ̀, mo kúnlẹ̀ fún Alhaja. Mo ní èmi ni mo ní ká dìde lójú ọ̀nà.

Ó na ọwọ́ sí mi. “Ẹ dìde nílẹ̀, Tíṣà. Kí lẹ fẹ́ ṣe báyìí?”



Ẹ máa ń bi mí pé kí la rí gbà. A rí irà díẹ̀ gbà, lápá Ibafo lọ́hùn-ún, tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí Alfa kú, ìwọ̀nba tí lékèélékèé díẹ̀ ń rí bà sí. A pàdánù odò, a pàdánù èèyàn. Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Wọ́n kàn ń sún un síwájú ni. Sàkà kò tún rí iṣẹ́ katapílà mọ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń wà. Títí dòní, a kò tí ì kó ara wa jọ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì wá.

Lánàá, mo rí ọkọ̀ yanrìn mẹ́ta tó yà sápá irà tó ṣẹ́kù yẹn. Eékún ń dùn mí, ara ò gbé e mọ́. Síbẹ̀, mo lọ jókòó sójú ọ̀nà láàárọ̀ yìí. Alhaja ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Àwa méjì péré ni. À ń wo ọ̀nà yín.