Kí Òòlù Tó Dún Lẹ́ẹ̀mẹwàá

Akólòlò ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má bàa bá mi sọ ọ́. Èmi náà sì ni mò ń dáhùn fóònù ní ọ́fíìsì omi ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá lè dúró gbọ́ mi, kó lọ gbẹ́ kànga. Ẹni tó bá sì fi "bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá" tù mí nínú, màá gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, a máa ń ṣe eré kan ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, bí iṣẹ́ bá ti parí nírọ̀lẹ́. Ẹnìkan á ní, "Arìnrìn-àjò gbé àpótí." Ẹni tó kàn á ní, "Arìnrìn-àjò gbé àpótí, ó gbé ìkòkò." Bẹ́ẹ̀ ni ẹrù á máa pọ̀ sí i. Bàbá á máa fi òòlù lu bẹ́ńṣì. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹwàá tí o kò tíì ka ẹrù tán, o ti pàdánù, ìwọ lo máa gbá èérún pákó.

Àmọ́ tó bá kàn mí, òòlù á kàn máa falẹ̀ ni. Bọ̀dá mi á bá mi parí ọ̀rọ̀, á tún wá pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọn ò jẹ́ kí n pàdánù rí. Inú máa ń bí mi gan-an.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá ní, "Ọmọ mi, o ò ṣe máa ṣe adájọ́? Kó o kàn jókòó máa wò wá."

"Mi ò ṣe!" Ìyẹn jáde geere; ìbínú máa ń là mí lóhùn. "Bàbá, ẹ lu òòlù yín bí ẹ ṣe ń lù ú fún Bọ̀dá."

Bàbá gbé òòlù sókè.

Ẹrù méje ló wà nílẹ̀. Ìkòkò há mi lọ́fun. Bọ̀dá la ẹnu. Mo na ìka sí i, ó pa á dé. Ẹrù kẹrin ni mo dé tí òòlù fi pé mẹ́wàá. Bàbá dáwọ́ dúró, èmi ò dúró. Mo ka gbogbo ẹ̀ tán, mo sì fi àtùpà tèmi kún un.

"Ta ló pàdánù?" Bọ̀dá wo Ìyá, Ìyá wo Bàbá. Mo tún bi wọ́n.

"Ìwọ ni," Bàbá ní.

Inú mi dùn ṣìnkìn. Mo gba ìgbálẹ̀, mo gbá abẹ́ bẹ́ńṣì, mo gbá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá.

"Ẹ... ẹ... ẹ gbé ẹsẹ̀ yín."

Ó dúró kí n sọ ọ́ tán kó tó gbé e.